Ìyẹ́ Òpìpì Tí Mo Fi Pàrokò

Nígbà èwe mi, mo ní àkùkọ òpìpì kan ní abà wa lẹ́bàá Akínyẹlé tó jẹ́ pé bí ó bá kọ láàárọ̀, àwọn ará Ẹgbẹ́dá á dìde bọ́jú, àwọn ará abà tó kọjá ibẹ̀ á gbé omi kaná, ẹṣin àwọn ológun ní Ìbàdàn á sì já okùn. Oòrùn fúnra rẹ̀ kì í yọ láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn mú un, ọ̀sán la tó rí ojúmọ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn tó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti kú, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Kì í ṣe ti kíkọ àkùkọ ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé lónìí ṣá. Ọjọ́ kan ni àkùkọ náà kó mi sí, ọjọ́ tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bẹ́ẹ̀ mo ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi.

Ogun Ìjàyè kò tíì bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Mo ti lọ kọ́ ìwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù ní Ìbàdàn. Mo ka a, mo ka b, nígbà tí mo wo iye tó kù, mo sá padà sóko. Ohun tó wá gba ọkàn mi lẹ́yìn ìyẹn ni Àṣàkẹ́, ọmọbìnrin kan ní abà kejì sí tiwa, tó máa ń rẹ́rìn-ín mi lójú mi láìbẹ̀rù. Mo fẹ́ ẹ. Òun náà kò kọ̀ mí. Bàbá rẹ̀ ni wàhálà.

Ọ̀dọ́ ni Bàbá Àṣàkẹ́ nígbà tí ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tú. Òpìpì ni ìyá rẹ̀ máa ń sìn nílé wọn lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ òpìpì. Adìẹ tí kò ní ìyẹ́ lápá ni, apá rẹ̀ á kàn rí ṣókí bí ọwọ́ ẹni tí òtútù mú. Kò lè fo ọgbà, kò lè gun orí àká lọ jẹ àgbàdo alágbàdo, bẹ́ẹ̀ ó mọ ẹyin í sàba ju gbogbo adìẹ lọ. Nígbà tí wọ́n ń sá, ìyá bàbá yìí gbé èyí tó kù nínú àwọn òpìpì rẹ̀ lérí. Ebi pa wọ́n lọ́nà, wọ́n pa á jẹ. Bàbá náà jẹ nínú rẹ̀. Ó ní ó dùn, pé ìyẹn gan-an ló ń dun òun títí di òní.

Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ Àṣàkẹ́, bàbá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ ogun kan ní Ìbàdàn ń tọrọ ọmọ yìí," ni ó wí. "Ó ní ẹṣin. Kí ni ìwọ ní?"

"Mo ní ọwọ́ méjì, Bàbá."

"Gbogbo ènìyàn ló ní in. Gbọ́. Bí o bá mú òpìpì dé iwájú mi, akọ àti abo, kí ọjà iṣu titun tó kún, ìwọ lo ni ín. Bí o kò bá rí i, ẹlẹ́ṣin ló ni ín."

Ìrànù lásán ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo mú àkùkọ ìyá mi, mo fa ìyẹ́ apá rẹ̀ tu, mo fi epo pa ojú ibẹ̀, mo gbé e lọ. Bàbá náà gbà á, ó tẹ apá rẹ̀ wò, ó fi èékánná yọ kùkùté ìyẹ́ kan jáde, ó sì dá a padà fún mi. "Èyí kì í ṣe òpìpì," ni ó wí. "Olè ló jà á." Àṣàkẹ́ sá wọ inú ilé lọ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ìyẹ́ àkùkọ rẹ̀ fi hù padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orí bá mi ṣe é. Mo pàdé ọkùnrin kan tó ń gbé àgò adìẹ lọ sọ́jà, mo sì rí àkùkọ òpìpì tòótọ́ nínú rẹ̀, pupa fòò, apá ṣókí. Ẹ̀ẹ́bù iṣu ni mo fi gbà á, àwọn ẹ̀ẹ́bù tí bàbá mi tọ́jú láti gbìn. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí bàbá mi ṣe fún mi. Mo dà á pọ̀ mọ́ àwọn àgbébọ̀ wa, mo ń retí. Nígbà tí wọ́n pa ọmọ, tí àwọn ọmọ náà dàgbà díẹ̀, gbogbo wọn ló yọ ìyẹ́ lápá, ó bò wọ́n wáláwálá bí ìjòyè tó wọ agbádá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé akọ nìkan kò tó. Abo òpìpì ni mo gbọ́dọ̀ wá.

Mo gbọ́ pé opó kan wà ní abà kan lọ́nà Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olópìpì. Ó ti sin ọkọ méjì, ohùn rẹ̀ ròkè, kò sì fi adìẹ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá wù ú. Ǹ bá lọ fúnra mi, àfi bí mo ṣe fi ọkọ́ ṣá ara mi lẹ́sẹ̀ lóko. Làmídì ọ̀rẹ́ mi, tó ń ra obì kiri, ló ń lọ síhà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọ̀rọ̀ sí Làmídì lẹ́nu, ẹlẹ́ṣin Ìbàdàn á gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo bá lo ọgbọ́n. Mo pàrokò.

Mo fa ìyẹ́ kan yọ nídìí àkùkọ náà, mo so ó mọ́ owó ẹyọ mẹ́jọ lójú okùn kan. Ta ni kò mọ ẹ̀jọ? Kí ó jọ ni. Èmi ń sọ pé, "Adìẹ tó jọ eléyìí ni mo ń wá." Ó yé mi yéké. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé èmi tí mo sá fún ìwé ti wá kọ ìwé tí kò ní íńkì.

Àṣé Làmídì yà lábẹ́ igi lọ́nà, níbi tí àwọn ọlọ́pọ́n ń ta ayò. Ọmọ ayò wọn dín méjì. Làmídì kì í rí ayò kó kọjá. Ó tú owó ẹyọ méjì kúrò lójú okùn mi, ó fi dípò ọmọ ayò tó sọnù, ó ta á títí oòrùn fi yí, ó dìde, ó gbàgbé wọn sínú ọpọ́n. Ìyẹ́ kan àti ẹyọ mẹ́fà ló fi lé opó náà lọ́wọ́, ó sì júwe abà wa fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àrokò ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ̀fà ni kí ọkàn fà. Ìyẹ́ ni kí ènìyàn fò wá kíákíá.

Ọjọ́ tí mo ń wí yìí, Bàbá Àṣàkẹ́ wá wo àkùkọ náà ní abà wa, òun àti Àṣàkẹ́. Ó gbé e lé orí itan, ó ń fi ọwọ́ pa á lápá. Inú mi ti ń dùn. Àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn lójú ọ̀nà. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ló ń bọ̀, tó lé tìróò, tó kun osùn, tó gbé àgò adìẹ lérí. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan ru odó, èkejì ru ẹní àti ìkòkò.

"Ọkọ mi dà?" ni ó wí.

Ìyá mi jáde. "Ẹ kú àbọ̀ o. Ọkọ yín wo?"

"Ẹni tó ní ọkàn òun ń fà sí mi, tó ní kí n fò wá. Èmi àti adìẹ mi, kò sí ẹni tó lè fò nínú wa, ni a bá rìn." Ó wò mí. "Àbí ìwọ ni?"

"Ọmọ mi rèé?" ni ìyá mi ké. "Èyí tí mo bí yìí?"

"Bí ẹ bá ní òmíràn tó dára jù ú lọ, ẹ mú un wá kí n wò ó."

Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. N kò mọ ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ fún nínú gbogbo wọn. Bàbá Àṣàkẹ́ gbé àkùkọ sílẹ̀. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé ìgbéyàwó rẹ lo pè mí wá wò ni?"

"Bàbá, ẹ̀jọ ni mo so! Ẹyọ mẹ́jọ!"

Opó náà na okùn sókè, gbogbo wa kà á. Ẹ̀fà ni. Làmídì, tó bá wa jẹ iṣu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. "Wọ́láhì," ni ó wí, "méjì wà nínú ọpọ́n ayò."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé opó yìí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ àgò rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Adìẹ mi lo ń wá, kì í ṣe èmi," ni ó wí. "Ọ̀nà jìn o, ọmọ mi. Mo sì ti dágbére fún gbogbo ará abà." Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín. Ǹ bá fún ilẹ̀ ní ohunkóhun kó lanu gbé mi mì.

Bí ó ṣe tún na ọwọ́ sí àgò láti gbé e padà ni Bàbá Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ lórí eékún àgbà rẹ̀. Ó fi ahọ́n pe àwọn adìẹ náà, tó-tó-tó, ó wá fà á gùn nígbẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Àwọn òpìpì náà yọ orí, wọ́n ń rọ́ jáde níkọ̀ọ̀kan.

Opó náà dúró. "Níbo lẹ ti gbọ́ ìpè yẹn? Àdúgbò wa l'Ọ́yọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ìyá mi ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Ó di pé wọ́n jókòó sórí odó àti ìdí ẹní, wọ́n ń dárúkọ àwọn ojúde tí kò sí mọ́. Wọ́n gbàgbé mi. Mo ṣì dọ̀bálẹ̀. N kò lè dìde láìjẹ́ pé àgbà ní kí n dìde. Òpìpì kò lè fò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà kò gba fífò. Ọ̀kan nínú wọn gun ẹ̀yìn mi, ó rìn dé orí mi, ó ba, ó sì yé ẹyin kan sí àárín orí mi. Ẹyin náà jókòó síbẹ̀, kò yí.

Àṣàkẹ́ ló ké. "Bàbá, ẹ wo orí rẹ̀! Ẹ ní kó mú òpìpì dé iwájú yín. Òpìpì rèé, iwájú yín rèé."

"Kò mú wọn wá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ni."

"Ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n?"

Bàbá náà wò mí, ó wo opó, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde, àna mi," ni ó wí.

Àṣàkẹ́ di ìyàwó mi. Kò pẹ́ kò jìnnà, bàbá rẹ̀ náà so ìyẹ́ mọ́ ẹyọ mẹ́fà, ó kà á dáadáa, ó sì gbé e lọ fúnra rẹ̀. Bí opó tó wá fẹ́ mi ṣe di ìyá ìyàwó mi nìyẹn. Títí tó fi kú, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún un, á ní, "Ọkọ mi àná, àna mi òní, ṣọ́ orí rẹ o." Àkùkọ mi àti àwọn adìẹ rẹ̀ sì bí òpìpì tó kún agbo ilé méjèèjì.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí o bá ń wá adìẹ, fi ẹnu rẹ sọ pé adìẹ lò ń wá, má sì rán ẹni tó ń ta ayò.

Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe sọ ọ́, àfi ibì kan tí mo fi irọ́ sí, mo sì ní láti sọ ọ́ kí n tó gbé kálámù sílẹ̀. Ẹyin tí mo ní adìẹ yé sí mi lórí, kì í ṣe ẹyin. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí adìẹ máa ń yà sórí ènìyàn. Òun gan-an ni bàbá Àṣàkẹ́ rí tó fi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ni mo fi fẹ́ ìyàwó, n kò sì rí ẹni tí mo lè fi yangàn fún.