Apá Ò Ká Bàálù Alápá Mẹ́rin

Ní ilé iṣẹ́ wa ní Moravia, níbi tí a ti ń kan bàálù tí àwọn ológun fi ń kọ́ fífò, ọkùnrin kan wà tó máa ń wo dígí títí yóò fi rẹ dígí. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Pelikán ni. Ẹyẹ òfú ni à ń pè ní pelikán lọ́dọ̀ wa, ẹyẹ ńlá tí ń rà bàbà lórí omi. Ṣùgbọ́n òfú tiwa yìí ò fò rí. Inú yàrá tí wọ́n ń kó bàtà ológun sí ló ti ja ogun ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọgbẹ́ kan ṣoṣo tó gbà bọ̀, ìṣó bàtà ló gún un.

Àwa obìnrin tí a ń rán aṣọ bo apá bàálù ti wá oríkì fún un. A máa ń kì í wúyẹ́wúyẹ́ nídìí abẹ́rẹ́ wa:

"Pelikán, òfú tí kò kúrò lórí ìtẹ́!
Akin ogun ilé bàtà!
Ó fò lórí tábìlì,
Ó balẹ̀ gbì sínú àwo pẹ́pẹ́yẹ sísun!"

Ẹni tó ronú kan bàálù wa gan-an ni Alois Šebela, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í dún. Apá mẹ́rin ni bàálù náà ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni awọ rẹ̀. Ìjókòó méjì ló wà nínú rẹ̀: olùkọ́ níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ni Šebela fi yà á, tó pa á rẹ́, tó tún un yà. Nígbà tí bàálù di bàálù tán, Pelikán, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wa, sọ Šebela di olùṣọ́ ilé pákó. Ó wá kọ̀wé sí àwọn ológun ní Prague, olú ìlú wa, pé: "Ẹni tó dá bàálù yìí: èmi."

Adìẹ tó bá ní òun lòún yé ẹyin ògòǹgò, ìdí rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ ìdí Kọ́nẹ́ẹ̀lì wò? Igba ènìyàn ló ń jẹun nílé iṣẹ́ yẹn. Bí àwọn ológun ò bá ra bàálù náà, ilẹ̀kùn máa tì ni. Gbogbo wa fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Jẹ́nẹ́rà Havelka wá yẹ bàálù wò, Pelikán kó gbogbo wa jọ.

"Bí Jẹ́nẹ́rà bá bi yín pé ta ló ṣe é, kí lẹ máa sọ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá," la dáhùn, bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀!"

Apolena, olórí àwa aránṣọ, na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ṣé ká sọ pé ẹ̀yin náà lẹ lóyún ẹ̀, àbí ká kàn fi mọ sórí bíbí?"

Pelikán rò ó dáadáa. "Bíbí ti tó," ló wí.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, koríko pápá bàálù sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Aráàlú tú jáde, tàwọn ti koláče, búrẹ́dì dídùn wa, inú agbọ̀n àti ìgò ọtí lọ́wọ́. Jẹ́nẹ́rà Havelka dé, arúgbó kúkúrú kan tó ń tiro, tó ti fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ológun ní fífò. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàálù ló lọ bá, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì, kí ló dé tí apá òkè fi ṣáájú ti ìsàlẹ̀?"

"Háà, Jẹ́nẹ́rà mi! Èmi ni mo tì í síwájú. Bó bá wà lókè orí awakọ̀ gan-an, òjìji ẹ̀ á bo ojú awakọ̀. Báwo làwọn èèyàn á ṣe mọ ẹni tó ń kọjá?"

"Nítorí ojú lẹ ṣe gbé apá bàálù kúrò láyè ẹ̀?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Jẹ́nẹ́rà."

Jẹ́nẹ́rà gbé ọ̀pá rẹ̀ sọ́wọ́ kejì. "Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fẹ́ gbé e fò ńkọ́? Ibo ló máa jókòó sí?"

"Iwájú! Ṣé baálé ilé á fi pálọ̀ sílẹ̀, á lọ jókòó sẹ́yìnkùlé ni?"

Ikọ́ mú gbogbo àwọn mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó fá pákó rí nílé iṣẹ́ wa tí kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹni tó bá dá wà ń jókòó sí, kí imú bàálù má baà wúwo.

"Ó dáa," ni Jẹ́nẹ́rà wí. "Ìwé yín sọ pé ẹ ti fò nígbà ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ gbé e yí pápá po lẹ́ẹ̀kan fún wa."

"Lónìí kẹ̀? Atẹ́gùn yìí…"

"Ewé kankan ò mì, ọ̀gá!" Apolena ké láàárín èrò.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Pelikán wo èrò, ó wo ayàwòrán tó dojú ẹ̀rọ kọ ọ́. Ẹ̀rù ní kó sá, àtẹ́wọ́ ní kó dúró. Àtẹ́wọ́ ló borí. Ó gun bàálù, ó jókòó síwájú.

Wọ́n pe Šebela wá láti ilé pákó kó wá yí abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù, torí òun lẹ́ńjìnnì mọ̀. Ó sún mọ́ Pelikán, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Tàbí kẹ́ ẹ kúkú sọ pé inú ń run yín. Mi ò ní sọ fẹ́nì kankan."

"Olùṣọ́ pákó, ta ló bi ọ́?"

Šebela bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà. Igi méjì ni wọ́n fi ń dí táyà kí bàálù má baà rìn. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kó tó lè fò. A rí i kedere: kò yọ wọ́n. Ńṣe ló tún fi gìgísẹ̀ tì wọ́n wọlé. Ó fẹ́ kí ọkùnrin tó gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà láàyè.

Ẹ́ńjìnnì bú. Pelikán fi ọwọ́ kan juwọ́ sí èrò, ó fi èkejì ti gbogbo ohun tó ṣeé tì síwájú. Ó gbà pé bí èèyàn bá ń lọ síwájú, iwájú ló ń ti nǹkan sí. Bàálù ké, kò lọ. Ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀, ó ga, ó ga sí i, títí imú fi rì wọ ẹrẹ̀ bí imú ẹlẹ́dẹ̀ tó ń tú ilẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ṣẹ́ fàì! Ẹ́ńjìnnì kú.

Pelikán rọ̀ dirodiro nínú bẹ́líìtì bí itan ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé èéfín.

"Šebela! Yọ mí o! Ìwọ lo ṣe nǹkan burúkú yìí! Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀! Mi ò wọ inú ẹ̀ rí láyé mi!"

Jẹ́nẹ́rà fi ọwọ́ sétí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ yín o, Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ta lẹ ní ó ṣe é?"

"Šebela ni! Ẹ̀jẹ̀ ń ya lọ sórí mi!"

"Ẹ sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀!" ni Apolena wí.

Bàálù alápá mẹ́rin, apá Pelikán ò ká ẹyọ kan níbẹ̀.

Šebela ló gun un lọ, tó tú bẹ́líìtì, tó fà á jáde bí ẹni fa ewúrẹ́ nínú kànga. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, Jẹ́nẹ́rà bi í ní ìbéèrè kan náà nípa apá òkè.

Šebela nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Sà, olùkọ́ bàálù ni àbúrò mi. Bàálù àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni gbiná lójú ọ̀run. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ tó wà lẹ́yìn bẹ́ jáde, agbòòrùn tó dè mẹ́yìn ṣí, ó yè é. Àbúrò mi ò ráyè jáde. Apá òkè dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Mo tì í síwájú kí olùkọ́ náà lè bẹ́."

Jẹ́nẹ́rà ṣí fìlà. "Mo ti sin mẹ́rin irú ẹ̀," ló wí.

Wọ́n pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀. Lọ́sàn-án, awakọ̀ gidi kan jókòó sẹ́yìn, ó gbé bàálù náà yí orí wa po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e balẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Jẹ́nẹ́rà ní àwọn ológun á rà á. Apolena ń sunkún, ó ń bú àwa tó ń wò ó. Ni Jẹ́nẹ́rà bá gbóhùn sókè:

"Kí ẹni tó ṣe bàálù yìí bọ́ síwájú ká rí i!"

Šebela ti padà sí ilé pákó rẹ̀; àwọn méjì ní láti sáré lọ pè é wá. Ṣùgbọ́n Pelikán wà lẹ́bàá ògiri, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn ní irunmú. Àṣà ti di bárakú. Kò tilẹ̀ rò ó: ó tún bọ́tìnnì ṣe, ó gbé àyà sókè, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Ẹ̀rín bú láti òpin pápá dé òpin. Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó sì rọra fà á padà.