Ọkọ̀ Tí Kì Í Yà Sósì

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, àwọn méjì tó jọ ń sùn lórí ibùsùn kan náà ló gbé e wá. Ìyá Agbẹ̀bí ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Fáàrí. Inú ń bí obìnrin náà, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí aboyún kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè rọbí nígbàkigbà.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kì í yà sósì."

"Ṣé ọkọ̀ ló kọ̀ ni, àbí ọkọ rẹ?"

"Àwọn méjèèjì ni. Ọkọ̀ yẹn la fi ń gbé aboyún tọ́rọ̀ ẹ̀ bá le lọ sí ọsíbítù. Ọkọ mi yọ ríìmù tó bá ọkọ̀ wá, ó lọ ra òmíì tí táyà ẹ̀ yọ síta bí ikùn olóyún oṣù kẹsàn-án. Tó bá ti yí sósì, táyà ọ̀tún á máa ha mọ́gáàdì. Ló bá ní ọ̀tún nìkan lòun á máa yà. Òsì ni ọsíbítù wà, Kábíyèsí. Aboyún tí a gbé kẹ́yìn, gbogbo ìlú la gbé e yí po. Inú ọkọ̀ ló bímọ sí, ìwọ́ sì wé mọ́ ọmọ lọ́rùn. Orí ló yọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ọkọ. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe ná.

"Kábíyèsí, ayé fúnra ẹ̀ ń yí, apá kan ṣoṣo ló sì ń yí sí. Ta ló ti pè é lẹ́jọ́ rí?"

Ìjòyè kan mi orí pé òótọ́ ni. Kábíyèsí wò ó, orí náà sì dúró.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni Baba Fáàrí fi kún un.

"Ta ló ń jẹ oyin ọ̀hún?" ni Kábíyèsí bi í.

Ọ̀rẹ́ Baba Fáàrí, káfíńtà kan, dìde láti jẹ́rìí sí i. "Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Mo rí ọkọ̀ yẹn tó yà sósì lánàá."

"Báwo ló ṣe yà?"

"Ó ń fẹ̀yìn rìn ni."

Wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n pe ẹni tó ta ríìmù.

"Mo ṣàlàyé fún un, Kábíyèsí. Nínú ríìmù, ojú kan wà tí nọ́ọ̀tì fi ń dè é mọ́ ọkọ̀. Tí ojú yẹn bá sún mọ́ ìta, táyà á wọ abẹ́ ọkọ̀. Tó bá sún mọ́ inú, táyà á yọ síta. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ríìmù. Kéèyàn fi wé ti àtijọ́ ni."

"O sọ ọ́ fún un?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un."

"O fẹ́ sọ?"

"Kò bi mí. Ihò nọ́ọ̀tì ló kà. Ó ní márùn-ún bá márùn-ún mu, kí n dè é."

Kábíyèsí kọjú sí Baba Fáàrí. "Ṣé o ò rí nọ́ńbà náà?"

"Mo rí i. Mo rò pé iye èèyàn tó máa wò mí lójúmọ́ ni."

"Bó ṣe fẹ́ èmi náà nìyẹn," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Ìta ló wò, kò béèrè inú."

Kábíyèsí húkọ́. "Baba Fáàrí, téèyàn bá wọ ilé yín, ibo ni yàrá wà?"

"Òsì ni, Kábíyèsí."

"Ilé ìdáná ńkọ́?"

"Òsì náà ni."

"Kí ló wà lọ́tùn-ún?"

Ó ronú díẹ̀. "Ilé adìyẹ."

"Ó dáa. Títí ríìmù àtijọ́ á fi padà sára ọkọ̀ yẹn, ìwọ náà ò gbọdọ̀ yà sósì nínú ilé. Oníríìmù, aboyún tó bá rọbí kó tó dìgbà yẹn, ìwọ lo máa fi ọmọlanke gbé e lọ sí ọsíbítù. O ò sì ní rìn, o máa sáré ni."

Kí wọ́n tó túká, oníríìmù ti wà lójúde, ó ń tú nọ́ọ̀tì ríìmù lára ọkọ̀ náà, òógùn bò ó. Baba Fáàrí ló ṣì dúró, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kábíyèsí, oúnjẹ mi wá ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Màá gbé e wá bá ọ nílé adìyẹ, olówó orí mi. Ọ̀tún nìkan ni màá máa yà, gbogbo ìlú ni màá sì gbé e yí po. Ṣáà máa retí mi."