Morádéyọ̀ Kojú Ẹ̀rọ Tí Ń Mọ Òpùrọ́

Ẹ ṣí fìlà, ẹ tún ìró ró, nítorí ẹni tí mo fẹ́ kì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni: Morádéyọ̀ arúgbó Ìkirè, ọmọ Ògúndépò a-fi-àdá-kan-lé-igba-ọ̀bọ-lóko-kòkó, ọmọ obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń jí àkùkọ! Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ń wojú Ọlọ́run fún ọdún mọ́kànlá nílùú òyìnbó, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìsọmọlórúkọ ku ọ̀túnla, ni àgbà obìnrin yìí bá forí lé pápákọ̀ òfurufú bí ológun tó ń lọ sójú ìjà.

Àṣé ọ̀tá ti ba síbẹ̀. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá kan ni, ojú rẹ̀ ràngàndàn bí ojú òwìwí, ó ń wo ìpéǹpéjú, ó ń gbọ́ èémí, ó sì ń fi iná pupa tú òpùrọ́ fó kó tó gbé itọ́ mì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó ti dá pásítọ̀ kan padà, ó sì ti mú kí ọkọ kan jẹ́wọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ò bi í. Ẹni tí iná pupa bá tàn sí lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa lọ sílé.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí, òṣìṣẹ́ ààbò tó dúró ti ẹ̀rọ náà, bèèrè pé, "Mà, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní," ni Morádéyọ̀ wí, bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Pupa! Ó tún un wí, ó fi ẹ̀rín sí i bí ẹní fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Pupa!

Ẹ̀yin ará, àyà akọni náà máa ń já. Ó rí bàálù lójú fèrèsé, ó rò ó pé wọn á sọ ọmọ náà lórúkọ lẹ́yìn òun. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti Morádéyọ̀ sì ti lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa. Ló bá fún gèlè le, ó gbéra bí ẹfọ̀n inú ọ̀dàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan imú ẹ̀rọ.

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí, n kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi! Ìyá mi ní ọjọ́ tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Akọ̀wé kánsù ló bùn mí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, òun náà ló sì fi bun gbogbo àwa tá a wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà!"

Iná aláwọ̀ ewé tàn yòò. Gbogbo èrò hó yèè.

Ṣówùnmí wú ikọ́. "Mà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé olóòótọ́ ni yín."

Iná pupa tún tàn, ṣùgbọ́n ojú Ṣówùnmí ló tàn sí lọ́tẹ̀ yìí. Kíá ni ọ̀gbẹ́ni náà ṣílẹ̀kùn fún un.

Báyìí ni a-kojú-ẹ̀rọ-má-ṣẹ́jú ṣe wọ bàálù. Àga ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọba tó gorí ìtẹ́. Kí gbogbo ibodè ayé gbọ́, kí ẹ̀rọ wí fún ẹ̀rọ: obìnrin tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun ti kọjá, ó ń lọ sọ ọmọ tí wọ́n mọ ìṣẹ́jú tó wáyé lórúkọ!