Ọjọ́ Tí Mo Ka Ọwọ́ Òsì Nínú Sinimá

Ọjọ́ Sátidé kan wà ní Emùré-Ilé tí kò lè tán lọ́kàn mi láé, nítorí ọjọ́ náà ni mo dá sinimá dúró, tí mo rò pé ọmọ mi ni mò ń gbà là.

Ọdún tí àwọn sójà fẹ́ gbéjọba sílẹ̀ ni. Bọ́sẹ̀, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ, ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun wọ ẹgbẹ́ sinimá tí tíṣà kan dá sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Mo ní màá kọ́kọ́ fojú ara mi wò ó. Bí mo bá rí ìwà burúkú kan ṣoṣo, ó tán nìyẹn.

Nígbà tí èmi àti Bọ́sẹ̀ dé gbọ̀ngàn, mo mú ìwé àti bírò dání. Nígbà tí mo rí bí ẹ̀rọ sinimá ṣe ń gbóná, mo ní kò ní bú gbàmù mọ́ ọmọ mi lójú. Mo fa Bọ́sẹ̀ lọ sẹ́yìn aṣọ funfun tí wọ́n so kọ́ sáàárín gbọ̀ngàn, tí àwòrán ń hàn lórí rẹ̀. Àwòrán náà hàn dáadáa láti ẹ̀yìn, àwa méjì péré la sì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó.

Ọkọ ìyàwó inú sinimá fi ọwọ́ òsì gbé obì fún bàbá ìyàwó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ìyàwó fi ọwọ́ òsì gbà á! Wọ́n gbé iyán dé, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì bu òkèlè.

Bọ́sẹ̀ fa ìró mi. "Màmá, ó jọ pé ibi tá a jókòó sí ni..."

"Panu mọ́! Ṣé o fẹ́ máa fi ọwọ́ òsì jẹun ni?"

Nígbà tó pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, mo yí lọ síwájú, mo dúró gbọn-in sáàárín ẹ̀rọ àti aṣọ. Òjìji gèlè mi bo abọ́ iyán mọ́lẹ̀.

"Tíṣà! Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti lo ọwọ́ òsì, mo kọ ọ́ sílẹ̀! Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa nìyí?"

Tíṣà rọra ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, níbo lẹ jókòó sí?"

"Ẹ̀yìn aṣọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, kẹ́ ẹ yíjú padà."

Mo yíjú. Ọkọ ìyàwó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iyán rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àṣé ẹ̀yìn aṣọ tí mo jókòó sí ló ń sọ ọ̀tún di òsì.

Télọ̀ kan tó wà níwájú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, ẹ tún padà sẹ́yìn, ẹ bá wa wò ó bóyá orí ni wọ́n fi ń rìn!"

Ìgbà náà ni mo rí Bọ́sẹ̀ létí aṣọ, omi ti lé sí i lójú. Ó ti gbà pé ẹgbẹ́ ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Omijé yẹn dójú tì mí ju ẹ̀rín wọn lọ. Mo gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà, mo buwọ́ lù ú níṣojú gbogbo wọn.

Télọ̀ kígbe, "Ọwọ́ wo lẹ fi kọ ọ́ o?"

Mo na ọ̀tún sókè.

Láti ìgbà náà, kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mo máa ń wo ibi tí mo jókòó sí ná. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn, ọwọ́ òsì ló fi ń juwọ́ sí mi. Kí ni màá ṣe? Èmi náà á ju òsì padà, màá sì rẹ́rìn-ín délé.