Ohun Tí Wọ́n Kọ Sáyà Alága

Jayéọlá Arẹwà-inú-fótò! Ọkọ máìkì! Bí wọ́n bá gbé máìkì fún un níbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rákòrò kó tó gbé e sílẹ̀. Kílóòsì kan péré, òpópónà kékeré kan, ló jẹ́ alága fún ní Festac, ṣùgbọ́n ìbò alága gbogbo àfẹ́níù tó kó àwọn kílóòsì pọ̀ ti ń bọ̀, ipò náà sì ń wọ̀ ọ́ lójú.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùnlọlá wá bá a pé òun fẹ́ la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀. Àwọn oògùn ọpọlọ kan wà, tí a bá lò wọ́n pẹ́, ẹnu tàbí ọwọ́ lè máa mira láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín rán an níṣẹ́.

"Àwòrán mi máa wà lára pólò tá a máa wọ̀, àbí?"

"Ó máa wà níbẹ̀, sà. Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ náà máa wà lábẹ́ ẹ̀."

"Jẹ́ kí ojú mi tóbi o. Ọ̀rọ̀ lè kéré."

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n; ti Alága ti kún agbọ̀n, ó ti ń dà sílẹ̀.

"Àìsàn yìí ò dáa! Mo bá a wí!"

Ibẹ̀ ló ti tajú kán rí obìnrin kan níwájú. Ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ahọ́n ń yọjú. Ó dun Alága wọra. Irú ọgbọ́n báyìí ń jáde, ẹnìkan wá ń jẹnu! Àbí òun Alága ni obìnrin yìí ń ṣépè fún?

"Màdáámù! Ẹ tu ṣingọ́ọ̀mù yẹn dànù! Tó bá sì jẹ́ èmi lẹ̀ ń ṣépè fún, ẹ sọ ọ́ síta!"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú. Obìnrin náà dìde, ẹnu rẹ̀ ò dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Alága. Mọ̀nsúrát ni mò ń jẹ́. Èmi lẹ pè wá sọ̀rọ̀ lórí àìsàn tó ń ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ohun tí wọ́n kọ sáyà yín."

Láti àárọ̀ tí Alága ti wọ pólò náà, ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó tẹrí ba, ó ń kà á sínú máìkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kì í ṣe... ṣingọ́ọ̀mù. Kì í ṣe... èpè. Oògùn ló fà á."

Ẹ̀rín sọ. Mọ̀nsúrát náà rẹ́rìn-ín, ó gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oògùn yẹn ló dá orí mi padà, mi ò bú u. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ara yín ń mira fúnra ẹ̀, ẹ má dédé já oògùn sílẹ̀ o. Ẹ tètè sọ fún dókítà."

"Màdáámù la máa dìbò fún!" ẹnìkan kígbe látẹ̀yìn, àtẹ́wọ́ sì gba gbọ̀ngàn.

Alága fọwọ́ bo àyà. Ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà tán, torí ó kéré. Ojú inú àwòrán ni kò ṣeé bò; òun ló ní kó tóbi.