Oògùn Ẹ̀yìn Bàbá Múngò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí i tí wọ́n fi ń sọ pé ìfura loògùn àgbà? Ẹ rò pé ìmọ̀ràn ni? Oògùn gidi ni o, oògùn ẹ̀yìn ríro!

Létíkun ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì, láyé ọkọ̀ onígbòkun, apẹja kan wà tó ń jẹ́ Múngò. Bàbá yìí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú wo ojú ọ̀run ná.

Lọ́dún kan, bí àkókò ẹja ṣawá ṣe wọlé dé, ẹ̀yìn bàbá gan. Kò lè dìde, kò lè yí. Wọ́n fi òróró gbígbóná ra á títí, pàbó ló já sí. Bẹ́ẹ̀, bí ṣawá bá lọ, ebi ni títí di àmọ́dún. Ni Dúgálì, àna rẹ̀ tó fẹ́ Mórágì ọmọ rẹ̀, bá gbé ọkọ̀ bàbá lọ sójú òkun.

Múngò pe Ẹ́fì ìyàwó rẹ̀. "Kí ló ń pa Dúgálì lẹ́rìn-ín nígbà tó ń jáde?"

"Ó ń kí yín ni, Bàbá Mórágì."

"Gbogbo eyín ló fi ń kíni?"

Ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè máa ṣọ́ òkun lójú fèrèsé. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun yí.

Ẹ́fì gbé ọbẹ̀ wá.

"Ẹja ńlá báyìí? Kí lẹ ṣe tí ẹ fẹ́ fi èyí pa mí lẹ́nu mọ́?"

Ó dìde jókòó kó lè yẹ ìsàlẹ̀ àwo wò.

Nírọ̀lẹ́, ó rí ìgbòkun pupa ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè. Ẹja kún inú ọkọ̀ náà débi pé ó ń rìn bí aboyún. Ṣùgbọ́n dípò kó yà sí èbúté wọn, ó kọjá, ó forí lé ìlú kejì.

"Mo mọ̀! Ó ti fẹ́ lọ ta ọkọ̀ mi!"

Múngò fò bọ́ sílẹ̀. Ó gba orí òkè, ó ń sáré, Ẹ́fì ń pariwo tẹ̀ lé e. Bó ṣe dé èbúté ìlú kejì, ó bẹ́ sínú ọkọ̀, ó fún Dúgálì lọ́rùn.

"Ta lo fẹ́ tà á fún?"

Dúgálì nawọ́ sí ọkùnrin kan tó gbé àpò dúdú dání, tó jókòó sáàárín ṣawá. "Bàbá, dókítà nìyẹn. Mo wá mú un lọ wo ẹ̀yìn yín ni."

Dókítà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Aláìsàn tí ẹ ní kò lè dìde dà?"

"Òun ló fún mi lọ́rùn yìí, sà."

Ojú ti Múngò. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Kò ro ó mọ́.

"Oògùn wo ni bàbá lò?"

"Ìfura ni, dókítà!" Ẹ́fì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìfura nìkan ni!"

Dókítà gbé àpò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Múngò tẹjú mọ́ àpò náà títí ó fi pòórá, ó wá rọra bi Dúgálì pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé dókítà ni?"

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀yìn bá ń ro àgbà létíkun yẹn, wọn kì í dààmú dókítà. Wọ́n á kàn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbà náà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kó tó pẹ́, bàbá á ti jáde. Ìfura loògùn àgbà.