Dókítà Tí Eyín Aláìsàn Ń Dùn

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíríkìlà kan wú bí ẹni tó há ọsàn mọ́nu. Gèlè ìyàwó rẹ̀ ló fi di àgbọ̀n àti etí méjèèjì pọ̀, tó fi wọlé tọ dókítà eyín lọ. Kò tíì fìdí kan àga tí dókítà ti gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mú.

DÓKÍTÀ: Yéè! Èyí pọ̀!

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé eyín ń dun ẹ̀yin náà ni?

DÓKÍTÀ: Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n! Tí mo bá ti rí ẹni tí nǹkan ń dùn, ọpọlọ mi á gbé ìrora náà wá bá mi.

BÍRÍKÌLÀ (ó bẹ abẹ́ àga wò): Ọ̀pọ̀lọ́? Níbo?

DÓKÍTÀ: Nínú orí mi.

BÍRÍKÌLÀ (ó fò dìde): Ibo ló gbà wọlé?

DÓKÍTÀ: Wọ́n bí mi mọ́ ọn ni! Ẹ tú gèlè yẹn létí! Ọ-pọ-lọ! Re-re-re ni, kì í ṣe dò-dò-mí!

BÍRÍKÌLÀ (ó tú gèlè): Áà, tá a fi ń ronú! Mo ti fẹ́ bi yín bóyá ó máa ń ké tójò bá ń bọ̀.

DÓKÍTÀ: Ẹ jókòó ká yọ ọ́, kára lè tù mí.

BÍRÍKÌLÀ: Kára tu ta ni?

DÓKÍTÀ: Kára tù… wá.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ̀rù ń bà mí. Oògùn ni mo wá gbà.

DÓKÍTÀ (ó kúnlẹ̀): Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi! Ìyá kan gbé erìgì wíwú wá láàárọ̀, ó wú mi lérìgì. Ọkọ rẹ̀ tó sìn ín wá ń tiro. Ẹ wò mí!

Ó tiro yí àga po.

BÍRÍKÌLÀ: Ìyàwó tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí mo ṣe ń ké, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.

DÓKÍTÀ: Ìkà! Kò ṣe nǹkan kan?

BÍRÍKÌLÀ: Ó po omi iyọ̀ fún mi, ó dì mí lágbọ̀n, ó wọ́ mi dé ẹnu ọ̀nà yín. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ.

DÓKÍTÀ (omi bọ́ lójú rẹ̀): Ẹ wá fi èmi tó ń bá yín sunkún sílẹ̀ báyìí?

BÍRÍKÌLÀ: Ó tó, ẹ má sunkún mọ́. Torí tiyín, ẹ yọ ọ́.

Bíríkìlà lanu. Dókítà gbé ẹ̀mú, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

DÓKÍTÀ: Mi ò lè wò ó!

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ di ọwọ́ mi mú. Tẹ́ ò bá lè wò ó, ẹ dijú.

Dókítà dijú, ó fi ẹ̀mú táràrà, ó gbá nǹkan mú, ó fà á. Àwọn méjèèjì figbe ta. Igbe dókítà ló lé àwọn tó ń dúró níta lọ sílé. Eyín bọ́ sínú abọ́.

DÓKÍTÀ: Ó parí! Báwo lara?

BÍRÍKÌLÀ (ó ń fahọ́n wá ẹnu rẹ̀ kiri): Dókítà, èyí tó dáa lẹ yọ. Èyí tó ń dùn mí ṣì wà níbẹ̀.

DÓKÍTÀ (ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú): Abájọ tí tèmi ò fi lọ!